Ìjà tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bá ọ jà: oṣù mẹ́ta pẹ̀lú Divinity: Original Sin II

Oṣù mẹ́ta rèé tí èmi àti àbúrò mi ti ń gbá géèmù yìí nílé wa ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀, láptọ́ọ̀pù kan, pádì méjì. Larian Studios ti Bẹ́ljíọ̀mù ló ṣe é, ó jáde ní 2017. Ìtàn inú rẹ̀ dára, àmọ́ ìjà rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí n kò tíì rí géèmù tó mọ ìjà tò báyìí.

Mo ti gbá òmíràn rí tó jẹ́ pé bí o bá ṣe ń rìn ni ọ̀tá á máa yọ, ọ̀tá kan náà, idà kan náà, títí ọwọ́ nìkan á fi máa jà, tí ojú á ti máa tòògbé. Ní ti èyí, ẹnìkan ló jókòó to ìjà kọ̀ọ̀kan síbi tó wà: ibi tí òkè wà, ibi tí àgbá epo wà, ibi tí tafàtafà dúró sí.

Ẹ wo ti àwọn ọ̀nì etíkun Fort Joy, ibì kan nínú géèmù náà. Mẹ́ta ni wọ́n. A ní ọ̀nì lásán ni, a fi tafàtafà wa sọ́nà jíjìn réré. Kálukú ló ń dúró de ìgbà tó bá kàn án nínú ìjà yìí. Nígbà tó kàn wọ́n, ọ̀kan lo egbé! Kí a tó ṣẹ́jú, tafàtafà àti ọ̀nì ti wà lójú kan náà. Àbúrò mi pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sá, ẹ sá!" Ibo la fẹ́ sá sí? Ìgbà tí a pa wọ́n tán la rí ìbọ̀wọ́ egbé náà. Láti ọjọ́ yẹn, àwa náà ń gbé tafàtafà ọ̀tá sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè sáàárín àwọn onídà wa. Ìjà yẹn ti fi ohun tí ìbọ̀wọ́ lè ṣe hàn wá lára kó tó fi lé wa lọ́wọ́.

Ọmọ Ifẹ̀ ni mí. Mọremí kò fi agbára ṣẹ́gun àwọn tó ń wá kó wa lẹ́rú. Ó wọ àárín wọn, ó rí i pé ìko ni wọ́n fi bora, ó padà wá ní kí wọ́n gbé ògùṣọ̀. Ìjà inú géèmù yìí rí bẹ́ẹ̀. Ìko ọ̀tá wà níbì kan, kí o wá a. Bí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ tutù, mànàmáná kan á mú gbogbo ẹni tó dúró sínú omi. Bí májèlé bá wà nílẹ̀, iná díẹ̀ á mú kó gbiná. Póìntì 4 péré lo ní láti fi ṣe ohun tí o fẹ́ ṣe nígbà tó bá kàn ọ́, ìrìn ń jẹ nínú rẹ̀, o sì lè fi díẹ̀ pamọ́ di 6.

Àṣìṣe tiwa: ààbò méjì ni ọ̀tá ní, ọ̀kan fún irin, ọ̀kan fún oògùn. Mò ń gé èyí, àbúrò mi ń jó ìkejì, kò sí èyí tó tètè tán. Ẹ fẹnu kò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ibì kan nínú géèmù náà tó ń jẹ́ Blackpits ló le jù. Epo ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, tí iná bá ti ràn án, ó parí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la kú. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, a kó àwọn èèyàn wa kúrò lórí epo lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń ka ìṣísẹ̀, àbúrò mi ò mí. Iná gbà, ó jó àwọn ọ̀tá tó dúró síbẹ̀, àwa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ariwo tí a pa ló jí ìyá wa.

Kò tíì tán lọ́wọ́ wa, àmọ́ àbúrò mi ti ní tó bá tán, etíkun la ó padà sí, òun ni yóò sì máa ta ọfà.