Ibi tí mo ń kó ọ́ìlì àti bátìrì lọ ní Hunts Point

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò yín fúnra yín ní Bronx, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sí gọ́tà mọ́. Bí òjò ńlá bá rọ̀, inú odò ló ń ṣàn lọ. Ìjọba ìlú New York ní ibi márùn-ún tí wọ́n ti ń gbà á, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní Bronx, Brooklyn, Queens, Manhattan àti Staten Island. Ti Bronx, èyí tó wà ní Hunts Point, ni mo máa ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ṣáà mú ẹ̀rí dání pé inú ìlú lẹ ń gbé.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan sọ́tọ̀: ọ́ìlì lọ́tọ̀, bátìrì mọ́tò lọ́tọ̀, gílóòbù gígùn tí mákúrì wà nínú rẹ̀ lọ́tọ̀. Mo rí òṣìṣẹ́ kan tó gbé bátìrì ìyá àgbà kan láti inú búùtù, kò jẹ́ kí màmá fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń gba tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ náà. Láti 2015 ni òfin ìpínlẹ̀ ti sọ pé a ò gbọdọ̀ gbé e sójú títì. 100 dọ́là ni owó ìtanràn.

Ní ti ọ̀dà, èyí tí wọ́n fi omi pò nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ o. Olóròóró àti tínà tí a fi ń po ọ̀dà, ẹ lè kó wọn lọ sí ọjọ́ tí ìjọba ìlú ń kó ìdọ̀tí eléwu jọ, tí wọ́n ń pè ní SAFE. Èyí ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, torí agolo ọ̀dà olóròóró kún abẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa.

Ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì dé ìdérí ọ́ìlì yín pinpin.