Fáyàwọ́ọ̀lù fún ilé: GL.iNet, MikroTik, tàbí OPNsense lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀?

Kí owó tó jáde lápò, ẹ kọ́kọ́ yẹ ráútà tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún yín wò. Fáyàwọ́ọ̀lù, ìyẹn ohun tó ń dí ohun tí ẹ ò pè kó má ti íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ fóònù mẹ́rin àti tẹlifíṣọ̀n kan ló wà nílé, ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù tó wà lára sítíkà ìdí rẹ̀, ẹ pa WPS (fífi bọ́tìnnì wọ Wi-Fi láìtẹ pásíwọ́ọ̀dù), UPnP (tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣí ọ̀nà síta fúnra rẹ̀) àti DMZ (tó ń gbé ẹ̀rọ kan síta pátápátá), ẹ gbé update tó bá wà wọlé, ó ti tó. Ẹni tó yẹ kó ra nǹkan míì ni ẹni tó ní kámẹ́rà CCTV, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì látilé, tàbí ẹni tí ráútà rẹ̀ kò rí update gbà mọ́. Kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú tó wà lórí nẹ́tíwọọ̀kì kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń wọ báńkì ló yẹ kó kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù.

Mẹ́ta la fẹ́ fi wéra. GL.iNet jẹ́ ráútà kékeré tó dúró lé OpenWrt, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún ráútà. MikroTik hAP ax², ráútà lòun náà, wá láti Latvia. OPNsense jẹ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí ẹ máa gbé sórí kọ̀ǹpútà tó ní ihò nẹ́tíwọọ̀kì méjì. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ní Wi-Fi tiwọn. Ẹni tó bá yan OPNsense ní láti wá ti Wi-Fi lọ́tọ̀, àmọ́ ráútà àtijọ́ lè ṣe é: ẹ pa DHCP rẹ̀ (ohun tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún ẹ̀rọ), ẹ fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì míì, kí ẹ sì ki okùn bọ ihò LAN (ti inú ilé) rẹ̀, kì í ṣe WAN (ti íntánẹ́ẹ̀tì).

Iná

Ibí ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn GL.iNet kéékèèké bíi Beryl AX ń lo volt 5 láti USB, pawa báǹkì lè gbé e. hAP ax² ń gba volt 12 sí 28, nítorí náà mini UPS volt 12 bá a mu. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ bíi OptiPlex tàbí EliteDesk ń jẹ iná jù wọ́n lọ dáadáa, inverter ló lè gbé e. Mini PC N100 sàn díẹ̀.

Bí NEPA bá ń mú iná lọ lójijì, ó lè ba fáìlì OPNsense jẹ́ tó bá jẹ́ UFS, ọ̀kan nínú ọ̀nà tó fi ń to fáìlì sórí dísíìkì, lẹ yàn nígbà tí ẹ ń gbé e wọlé. ZFS ni kí ẹ yàn. Ẹ tún wọ BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà), ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe tí iná bá padà dé, ẹ yí i sí Power On. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á dé, fáyàwọ́ọ̀lù á ṣì kú síbẹ̀, gbogbo ilé á máa pariwo pé dátà ti tán.

Ní ti káàdì nẹ́tíwọọ̀kì, Intel i350 oníhò méjì ni kí ẹ wá. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè dá a padà fún. Realtek máa ń ṣe ségesège lórí FreeBSD, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí OPNsense dúró lé. Tí kọ̀ǹpútà náà bá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ béèrè káàdì tí irin ìdí rẹ̀ kúrú, low-profile ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

GL.iNet rọrùn jù: ẹ lọ sí 192.168.8.1, òun fúnra rẹ̀ á ní kí ẹ yan pásíwọ́ọ̀dù. OPNsense wà ní 192.168.1.1, root ni orúkọ, opnsense ni pásíwọ́ọ̀dù. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ẹ yí i padà lójú ẹsẹ̀.

MikroTik, ní 192.168.88.1, ń bọ̀ pẹ̀lú òfin tó dára. Ewu rẹ̀ ni àwọn fídíò tó ní kí ẹ yan "No Default Configuration". Ẹ bá yàn án, gbogbo òfin fáyàwọ́ọ̀lù ti lọ nìyẹn. Ní 2018, ọ̀pọ̀ MikroTik tí wọ́n ṣí WinBox wọn (ètò tí wọ́n fi ń darí rẹ̀), pọ́ọ̀tù 8291, sílẹ̀ fún ìta ni wọ́n gbà mọ́ olówó wọn lọ́wọ́.

Íntánẹ́ẹ̀tì ò wọlé

Ohun tó sábà fà á ni pé ráútà méjèèjì ń lo àdírẹ́ẹ̀sì kan náà. OPNsense á forí gbárí pẹ̀lú ráútà Starlink, torí 192.168.1.1 ni àwọn méjèèjì ń lò, GL.iNet lè forí gbárí pẹ̀lú Huawei 4G tó wà ní 192.168.8.1. MikroTik kì í sábà bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ yí LAN tiyín sí 192.168.50.1 kí ẹ tó ki okùn WAN.

Tí kò bá tún lọ, ẹ ping 1.1.1.1 (command tó ń wò bóyá sáfà kan ń dáhùn). Tí ìyẹn bá dáhùn ṣùgbọ́n tí orúkọ ìkànnì kò ṣí, DNS, tó ń sọ orúkọ ìkànnì di àdírẹ́ẹ̀sì, ló ń yọ yín lẹ́nu. Tí kò bá dáhùn, ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì WAN. Bó bá ṣófo, okùn tàbí DHCP ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 dé 100.127, CGNAT nìyẹn, ìyẹn ni pé ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fi àdírẹ́ẹ̀sì ìta kan sin ọ̀pọ̀ oníbàárà: ẹ lè máa jáde dáadáa, ṣùgbọ́n port forwarding (ṣíṣí ọ̀nà láti ìta wọ ẹ̀rọ inú ilé) kò ní ṣiṣẹ́, ohun yòówù kí ẹ rà. WireGuard, irú VPN kan, sí sáfà tó wà níta ni ọ̀nà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń ṣe é.

Ẹni tó fẹ́ mọ òfin tó dí nǹkan lọ́nà, OPNsense ló dára jù fún un: Live View, ojú ewé àkọsílẹ̀ rẹ̀, á fi òfin náà hàn yín lójú ẹsẹ̀. Lórí MikroTik, ẹ̀yin lẹ máa ní kí òfin kọ̀ọ̀kan máa kọ log (àkọsílẹ̀ ohun tó ṣe). Ẹ rántí pé láti òkè ni wọ́n ti ń ka òfin wá sísàlẹ̀. "Dènà gbogbo" tó bá ṣíwájú "gba èyí láyè" á pa á.

Tí ẹ bá ti ara yín mọ́ta

MikroTik ní Safe Mode, tó ń dá gbogbo ohun tí ẹ ṣe padà tí ẹ bá já kúrò lójijì. WinBox sì lè gba MAC (nọ́ńbà tí wọ́n kọ mọ́ ẹ̀rọ) wọlé láìsí IP (àdírẹ́ẹ̀sì nẹ́tíwọọ̀kì). Fún OPNsense, ẹ so mọ́nítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn, ẹ yan 13 nínú ohun tó tò síbẹ̀, ẹ dá ètò tó ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ padà. GL.iNet, ẹ tẹ bọ́tìnnì reset fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tí kò ṣe é rí, GL.iNet la máa mú: Wi-Fi àlejò rẹ̀ tó láti ya kámẹ́rà sọ́tọ̀. VLAN, pípín nẹ́tíwọọ̀kì kan sí apá tó dá dúró, ni OPNsense ń fẹ́, ó sì nílò switch (àpótí tó ń pín okùn nẹ́tíwọọ̀kì) tó mọ VLAN, owó míì nìyẹn. MikroTik yẹ ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí tó sì ní sùúrù láti kàwé.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ má gbàgbé IPv6, irú àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì tuntun. Starlink ń fún yín ní tirẹ̀, NAT, tó ń fi ẹ̀rọ inú ilé pamọ́ sẹ́yìn àdírẹ́ẹ̀sì kan, kò sì bò ó. Ẹ wo òfin IPv6 lọ́tọ̀, ẹ rí i pé ó ń dí ohun tó ń ti ìta wọlé, kí ẹ wá pa Wi-Fi fóònù yín, kí ẹ fi dátà gbìyànjú láti ṣí àdírẹ́ẹ̀sì IPv6 kámẹ́rà náà. Kò yẹ kó dáhùn.