Nọ́tímẹ́ẹ̀gì odidi fún kéèkì ọ̀gẹ̀dẹ̀: ó sàn ju ti agolo lọ

Nọ́tímẹ́ẹ̀gì, kóró olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ: odidi rẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ rà á; ti agolo tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ kò tó o rárá. Òróró inú rẹ̀ ló ń ta sánsán, bí wọ́n bá sì ti lọ̀ ọ́, atẹ́gùn ti ń gbé e lọ nìyẹn. Èyí tó wúwo lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ ṣà. Èyí tó fúyẹ́, tó ní ihò tíntìntín lára, kòkòrò ti jẹ ẹ́.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 3 tí èèpo wọn ti dúdú, fúláwà gíráàmù 250, bọ́tà 100, ṣúgà 100, ẹyin 2, sódà kéèkì ṣíbí tíì 1: nọ́tímẹ́ẹ̀gì rírin ìdajì ṣíbí tíì ti tó o. Bó bá pọ̀ jù, á korò. Ata ilẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ náà bá a mu.

Fúláwà ni kó kẹ́yìn, ẹ má sì rò ó pẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kéèkì á le gbagidi. Ófúùnù 180°C, ìṣẹ́jú 50 sí 60. Ẹni tó bá tètè ṣílẹ̀kùn ófúùnù, àárín kéèkì rẹ̀ á jìn.

Àléébù odidi? Rírin rẹ̀ máa ń bó èèyàn níka. Ẹ dá a dúró tó bá ti kéré.