Kíláàsì ìtọ́jú ẹja fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹran ní Ìlọrin: ó dára, àmọ́ máíkírósíkóòpù ò kárí

Màlúù, adìẹ àti ajá ló gba gbogbo àkókò wa ní yunifásítì. Bẹ́ẹ̀, àìmọye ilé ní Ìlọrin yìí ló ní pọ́ǹdù ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi sanwó kíláàsì yìí nígbà ìsinmi, owó ọ̀hún ò sì kéré.

Omi ni wọ́n kọ́ wa jù. Wọ́n kó wa lọ sóko Alhájì kan ní ọ̀nà Gánmọ̀ tí ẹja rẹ̀ ò jẹun mọ́. Alhájì ti da tetracycline, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, sínú pọ́ǹdù ká tó dé. Ọ̀gá wa ní kẹ́nikẹ́ni má tíì fọwọ́ kan ẹja, ká yẹ omi wò ná. Omi ti di aláwọ̀ ewé kíki. A wọn pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá omi kan tàbí kò kan, láàárọ̀, a tún wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án: ó ti gòkè. Àwọn ewé tíntìntín inú omi máa ń fa kábọ́nì dáyọ́ksáídì mu tóòrùn bá mú, pH á gòkè, amóníà tó ń jáde lára ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù á sì wá di májèlé ju ti òwúrọ̀ lọ. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láàárọ̀ nìkan lè sọ pé kò sí nǹkan kan.

"Dókítà, ṣé omi ló wá ń ṣàìsàn ni?" Alhájì ò gbà rárá. Ọ̀gá ní kó dá oúnjẹ dúró ná, kó sì máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Owó tetracycline ti bómi lọ. Ohun tó tún ń tan olóko jẹ ni pé ẹja àrọ̀ lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ òde. Níbi tí tilapia ti máa kú, òun á ṣì máa rá pálá.

Ní láàbù, a fi òróró kànáfùrù kun ẹja lóorun, a fa ẹ̀jẹ̀ nídìí ìrù rẹ̀, a sì ha ara rẹ̀ wò. Mo rí Trichodina, kòkòrò tíntìntín tó ń gbé lára ẹja, tó ń yí bí òkòtó! Àmọ́ máíkírósíkóòpù ò tó nǹkan, a tò títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Wọ́n sì fi odindi àárọ̀ kan sọ̀rọ̀ dolphin àti ìjàpá òkun. Ní Kwara! Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ létíkun lè rí i lò o, tèmi kọ́.

Ẹni tí kò bá tíì ṣe pathology, ẹ̀kọ́ nípa bí àìsàn ṣe ń ba ara jẹ́, kó ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ mú bọ́ọ̀tù òjò tiyín dání, èyí tí wọ́n ń yáni níbẹ̀ ti lu.