Òfin tàbí Nọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀: Èwo Ló Ń Tètè Mú Owó Oṣù Wọlé?

Òbí tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó ti mọ̀ pé ọdún 5 ni òfin, ọdún 5 náà sì ni nọ́ọ̀sì. Iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wọlé lóṣù ni wọ́n sábà máa ń bi mí. Èmi a sì bi wọ́n padà pé: ta ni yóò máa bọ́ ọmọ náà láàárín ìdánwò ìkẹyìn àti owó oṣù àkọ́kọ́?

Nọ́ọ̀sì ni mo kọ́. Àbúrò mi ka òfin, èmi ni mo sì gbé ìnáwó rẹ̀ láti ìgbà tó ti kúrò ní yunifásítì. Oyè LL.B., ìyẹn oyè òfin tí yunifásítì ń fúnni, nìkan kò sọ ènìyàn di agbẹjọ́rò. Ó gbọ́dọ̀ lọ sí Law School, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò lẹ́yìn yunifásítì, kótà sì ni wọ́n fi ń díwọ̀n iye ènìyàn tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè rán lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kótà kò bá kàn yóò jókòó sílé dé ọdún tó ń bọ̀. Bí ààyè bá sì yọ, owó ibẹ̀, tí wọ́n gbé láti 296,000 náírà sí 476,000 fún sáà 2023/2024, kò kan oúnjẹ, kò sì kan kóòtù dúdú àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Nígbà tí àbúrò mi sìnrú ìlú tán, ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò tó gbà á ń san owó tí kò tó àláwáǹsì àgùnbánirọ̀ fún un, èmi ni mo sì ń fún un lówó ọkọ̀ tó ń wọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́.

Ní ti nọ́ọ̀sì, ọdún kan internship, ìyẹn iṣẹ́ ìdánrawò ní ilé ìwòsàn, tó tẹ̀lé láìsẹ́ǹsì (ìwé àṣẹ iṣẹ́) ní owó oṣù nínú. Àléébù rẹ̀ ni pé ààyè kì í tètè yọ, àti pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í san tó ti ìjọba àpapọ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2024 pẹ̀lú, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 kí ìgbìmọ̀ wọn tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ìlú òkèèrè. Ìlànà yẹn kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n owó ń wọlé ní gbogbo ọdún méjèèjì.

Owó dókítà ju ti àwa méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n ọdún 6 ni, housemanship, iṣẹ́ ìdánrawò tiwọn, sì tún wà níwájú. Owó ẹnjiníà wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó bá gbà á. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò ní láìsẹ́ǹsì tí wọ́n ń dúró dè. Iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹni tó ti ní ilẹ̀ ni kó kà á.

Kò sí èyí tó burú nínú òfin àti nọ́ọ̀sì. Ẹni tí òbí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò, tàbí tó rí ẹni tí yóò máa bọ́ ọ fún ọdún bíi mẹ́ta lẹ́yìn ìdánwò, kó ka òfin, nítorí agbẹjọ́rò tó bá fara dà á lè gba owó tí nọ́ọ̀sì kò ní í fojú rí. Ẹni tí àwọn àbúrò ń wojú rẹ̀, kó fi nọ́ọ̀sì ṣe àṣàyàn àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB, kó sì rí i pé kírẹ́dìtì òun pé nínú Biology, Chemistry àti Physics.