Ayàwòrán Ilé àti Aṣelélọ́ṣọ̀ọ́ Lórí Iṣẹ́ Kan: Ohun Tí Ojú Wa Rí Ní Ìjẹ̀bú-Òde

Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi pinnu láti kọ́ ilé alájà kan sí àdúgbò Ìgbẹbà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹbí tó ti fọ́n káàkiri lè rí ibi péjọ sí ní àsìkò Iléyá àti Ojúde Ọba, a gba òṣìṣẹ́ méjì: ayàwòrán ilé kan tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, àti obìnrin kan tó ń ti Èkó wá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́. A ti ṣe Iléyá kan nínú ilé náà báyìí, mo sì lè sọ ohun tí a rí gbà fún owó wa. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ọwọ́ àwa onílé ni púpọ̀ nínú àṣìṣe náà ti wá.

Kí a tó san kọ́bọ̀ fún ayàwòrán, ó fi hàn wá pé orúkọ òun wà lọ́dọ̀ ARCON, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1969 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwòrán tó ya ni a gbé lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn láti fi gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Aṣelélọ́ṣọ̀ọ́ kò lè ṣe ìyẹn fúnni, bó ti wù kó mọ ẹwà tó. Ayàwòrán yìí wá dúró lórí ilẹ̀ wa lọ́sàn-án, ó tún wá nírọ̀lẹ́, kó tó fa ilà kankan. Ìdí nìyẹn tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kò fi ń jó yàrá ibùsùn wa, tí atẹ́gùn sì ń gba fèrèsé kan wọlé tó ń gba òmíràn jáde. Lórí èyí, n kò ní ẹ̀sùn kankan sí i.

Ibi tí a ti ṣìṣe ni pé a kò pe aṣelélọ́ṣọ̀ọ́ títí wọ́n fi da dẹ́kìn (kọnkéré tó jẹ́ ilẹ̀ àjà òkè) tán, tí wáyà iná àti páìpù omi sì ti wà nínú ògiri. A rò pé kọ́tìnì, àga àti ọ̀dà nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi ìyàwó mi ló là wá lójú: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, lọ́jọ́ Iléyá, níbo ni wọn yóò gbé ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kalẹ̀ sí, níbo sì ni àwọn tó ń rin ewùrà yóò jókòó?” Kò sí ẹni tó ti ronú kàn án nínú wa. Ilé ìdáná tí a ní tó tọkọtaya, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí kòtò omi ìdọ̀tí gan-an. A dí ilẹ̀kùn yẹn pa, a lu òmíràn sí ẹ̀gbẹ́, a sì fi páànù bo apá kan ẹ̀yìnkùlé. Owó tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ilé wa kì í fẹ́ kúrò mọ́.

Sílíìnì pálọ̀ ló dá ìjà tó le jù sílẹ̀. Mítà mẹ́ta ni ayàwòrán fi sílẹ̀ láti ilẹ̀ dé abẹ́ dẹ́kìn. Aṣelélọ́ṣọ̀ọ́ ní kí wọ́n ṣe POP onípele, ìyẹn sílíìnì aláràbarà tí wọ́n ń ṣe sábẹ́ dẹ́kìn, èyí tó jẹ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ nínú gíga náà. Ọjọ́ tí wọ́n so fáànù kọ́, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ga na ọwọ́ sókè láti na ara, díẹ̀ ló kù kí fáànù gé e níka. Ayàwòrán ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun pé wọn yóò sọ sílíìnì kalẹ̀. Obìnrin náà ní ẹnikẹ́ni kò fún òun ní àwòrán tó fi gíga yàrá hàn. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. A wó àárín POP náà, a fi ti etí ògiri sílẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí obìnrin náà ní kí a yọ òpó kan kúrò nínú pálọ̀, kí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, lè jókòó yíká kí wọ́n tó jáde lọ sí Ojúde Ọba, ayàwòrán kọ̀ jálẹ̀, ó ní òpó náà ló gbé dẹ́kìn rù. Obìnrin náà kò bá a jà sí i. Ó ní kí káfíńtà kan bẹ́ǹṣì yí òpó náà ká, ibẹ̀ sì ni àwọn àgbà ń sáré jókòó sí báyìí.

Ní ti owó, ayàwòrán gba iye kan, a sì pín in san. Aṣelélọ́ṣọ̀ọ́ ń gba owó iṣẹ́, owó ọkọ̀ láti Èkó, àti èrè lórí gbogbo ọjà tó bá wa rà. Kò fi ti èrè pamọ́ nígbà tí a béèrè, àwa ni a pẹ́ kí a tó béèrè.

Màá tún gba àwọn méjèèjì síṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Àbúrò mi tó fẹ́ kọ́lé sí Ṣàgámù ti ránṣẹ́ sí wọn, ó sì ti ní kí wọ́n jọ wá wo ilẹ̀ náà lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú oníṣẹ́ iná.