Láti Windows bọ́ sí Mac nílé: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà

Kí ẹ tó lọ wo Mac kankan, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà Windows tó wà nílé yín. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Apps, kí ẹ tẹ Installed apps (Apps & features ni lórí Windows 10). Gbogbo ètò tí ẹ ti lò láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ẹ tún kọ gbogbo ohun tí ẹ máa ń so mọ́ ọn: pírǹtà, hádì dísìkì, skírínì kejì. Ìwé yìí ló máa sọ bóyá Mac ló tọ́ sí yín tàbí Windows tuntun. Ẹwà ara ẹ̀rọ kọ́ ló máa sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti kan ọ̀pọ̀ ilé, torí pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn fún Windows 10. Windows 11 kì í sì í wọ gbogbo ẹ̀rọ: ó ń béèrè TPM 2.0 (chip ààbò kan), ó sì ní irú prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó ń gbà. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò bá kúnjú òṣùwọ̀n ti wà lẹ́nu ríra òmíràn nìyẹn.

Ètò tí ẹ ń lò

Word, Excel, PowerPoint, Chrome, Firefox, Zoom, VLC àti Photoshop wà fún méjèèjì. Tó bá jẹ́ irú ìwọ̀nyí nìkan ló kún inú ìwé yín, ẹ ti kọjá ibi tó le jù. Microsoft 365 tí ẹ ti ń sanwó fún ń ṣiṣẹ́ lórí Mac náà, ẹ ò ní san òmíràn.

Àmọ́ Microsoft Access àti Publisher ò sí fún Mac rárá. Excel wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọọgba: makró (àṣẹ tó ń dá iṣẹ́ ṣe nínú Excel) tí wọ́n fi VBA kọ sábà máa ń ṣiṣẹ́, bọ́tìnì ActiveX kì í dáhùn, Power Pivot ò sì sí níbẹ̀. Ẹni tó ń fi Revit yàwòrán ilé tàbí tó ń fi SolidWorks ya ẹ̀yà ẹ̀rọ, Windows ni kó dúró sí. Géèmù ńkọ́? Windows ló ni ín. Ọ̀pọ̀ géèmù tí àwọn èèyàn ń bá ara wọn ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní ẹ̀ṣọ́ tó ń mú oníyànjẹ, ẹ̀ṣọ́ yẹn kì í sì í sábà gbà kó ṣí lórí Mac, kódà tí ẹ bá fi Windows sínú Mac náà.

Nípa fífi Windows sínú Mac, ìmọ̀ràn àtijọ́ ṣì ń lọ káàkiri pé Boot Camp máa ṣe é. Mac tó ń lo chip Intel nìkan ni Boot Camp wà fún. Láti oṣù Kọkànlá 2020, tí Apple bẹ̀rẹ̀ sí í fi chip M1 tó ṣe fúnra rẹ̀ sínú Mac, kò sí i lórí àwọn tuntun mọ́. Ohun tó kù ni ètò bíi Parallels Desktop, tó ń ṣí Windows 11 ti ARM (èyí tí wọ́n ṣe fún irú chip bẹ́ẹ̀) sínú fèrèsé kan lórí Mac. Wọ́n ń sanwó fún un, ó sì ń jẹ mẹ́mórì gan-an. Tó bá jẹ́ ètò kan tí ẹ ń ṣí lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni, ó tó. Tó bá jẹ́ òun lẹ fi ń jẹun, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ ra Windows tuntun.

Mẹ́mórì àti ibi ìpamọ́

Ibí yìí lẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ jù lọ, torí pé àṣìṣe ibẹ̀ ò ní àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows orí tábìlì, àti àwọn láptọ́ọ̀pù kan tí kò tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ṣeé tú kí ẹ fi mẹ́mórì kún un. Lórí Mac, láti M1 wá síbí, wọ́n ti kó mẹ́mórì pọ̀ mọ́ chip lójú kan náà. Kò sí oníṣẹ́ tó máa bá yín fi kún un lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á. Ibi ìpamọ́ inú MacBook Air náà, wọ́n jó o mọ́ pátákó inú rẹ̀ ni.

8GB tó fún lẹ́tà, ìmeèlì àti fíìmù. Kò tó fún Parallels, kò sì tó fún ẹni tó máa ń ṣí ogójì táàbù lẹ́ẹ̀kan náà. Láti oṣù Kẹwàá 2024 ni MacBook Air tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ láti 16GB. Lára àlòkù lẹ ti máa bá 8GB pàdé jù. Ẹ ra 16GB.

Fún ibi ìpamọ́, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máósì lórí fódà Pictures, Videos, Documents àti Downloads lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ yan Properties, kí ẹ ro iye GB wọn pọ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ fi 60GB lé e fún macOS (ohun tó ń gbé Mac ṣiṣẹ́, bí Windows ṣe wà fún tiyín) àti àwọn ètò. Ká ní ẹ rí 90GB: 180 àti 60 jẹ́ 240. Ẹ̀rọ 256GB ti há fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, 512GB ló yẹ ẹ́. Bí owó ò bá ká a, ẹ jẹ́ kí owó tó wà lọ́wọ́ lọ sórí mẹ́mórì, kí fọ́tò máa gbé orí SSD ìta (dísìkì tí ẹ ń fi wáyà so mọ́ ẹ̀rọ). SSD ìta ṣeé rà nígbàkigbà.

Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ tẹ àmì Apple lókè lápá òsì, ẹ yan About This Mac. Tí ẹ bá rí Intel níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀: macOS Tahoe 26 ló kẹ́yìn tó máa wọ Mac oní-Intel. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tẹ Erase All Content and Settings níṣojú yín. Tí ẹ̀rọ náà bá tún béèrè pásíwọ́ọ̀dù Apple ẹlòmíì lẹ́yìn ìyẹn, Activation Lock (títì tó so ẹ̀rọ mọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀) ṣì wà lórí rẹ̀, kò ní wúlò fún yín. Ẹ tún wo Cycle Count bátìrì (iye ìgbà tí wọ́n ti lò ó tán, tí wọ́n sì tún gbà á) nínú System Information kí ó tó nù ún: 1,000 ni òpin tí Apple kà fún àwọn MacBook òde òní, èyí tó bá ti lé ní 800 máa nílò bátìrì láìpẹ́.

Ohun tí ẹ máa so mọ́ ọn

Ihò USB-C méjì ni MacBook Air ní. Fíláàṣì àti máósì tí ẹnu wọn fẹ̀ ò ní wọ̀ ọ́, ẹ máa ra ohun ìsopọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń lo skírínì ìta méjì ní láti ṣọ́ra: MacBook Air M1 àti M2 ń gbé ẹyọ kan péré, M3 ń gbé méjì tí ẹ bá pa ìdérí rẹ̀ dé, M4 ń gbé méjì pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí. Ẹni tí skírínì, kíbọ́ọ̀dù àti máósì rẹ̀ ṣì dára nílé, Mac mini (Mac kékeré orí tábìlì) ló máa ná an lówó tó kéré jù, torí pé kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú páálí rẹ̀. Pírǹtà tó bá ní AirPrint (ọ̀nà ìtẹ̀wé Apple tí kì í béèrè ètò àfikún) ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Èyí tó ti pẹ́, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí ojúlé ẹni tó ṣe é, kí ẹ rí i pé ó ní dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ dá pírǹtà mọ̀) fún Mac.

Hádì dísìkì ló ń dẹ́rù bani jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ so ó mọ́ Mac, gbogbo fáìlì hàn, ẹ ṣí fọ́tò, ó ṣí. Àmọ́ ẹ fẹ́ fi fáìlì tuntun sínú rẹ̀, kò gbà, ẹ fẹ́ pa ọ̀kan rẹ́, kò gbà. Kò bàjẹ́. Ọ̀nà ìtòfáìlì tí wọ́n ń pè ní NTFS ni Windows fi tò ó, Mac lè ka NTFS ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sí i. Ẹ kó gbogbo ohun inú rẹ̀ síbòmíì ná, kí ẹ wá fi exFAT tún un tò lórí Windows, torí pé títún un tò máa nu gbogbo rẹ̀. Windows àti Mac ló ń kọ sí exFAT. Ẹ má yan FAT32: kò gba fáìlì kan tó bá ju 4GB lọ. Tó bá jẹ́ BitLocker lẹ fi ti dísìkì náà, ẹ ṣí i kúrò lórí Windows kí ẹ tó gbé e wá.

Ìka yín

Ctrl+C di Command+C, bẹ́ẹ̀ náà ni V, Z, S àti P. Alt+Tab di Command+Tab, àmọ́ láti ètò kan sí òmíràn ló ń lọ. Láti fèrèsé kan sí èkejì nínú ètò kan náà, Command àti ` ni. Ctrl+Alt+Delete tí ẹ fi ń pa ètò tó ti takú di Command+Option+Esc. Yíyàwòrán ojú skírínì, Command+Shift+4. Bọ́tìnì Delete ń pa lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ́. Ti iwájú, Fn+Delete.

Ohun méjì ló ń da ọwọ́ tó ti mọ Windows rú jù. Bọ́tìnì pupa tó wà lókè fèrèsé kì í pa ètò, fèrèsé nìkan ló ń tì; Command+Q ló ń pa á. Èkejì, Command+X ò ní gé fáìlì nínú Finder (ibi tí ẹ ti ń wo fáìlì lórí Mac). Ẹ ṣe Command+C, ẹ lọ sí fódà tí ẹ fẹ́, kí ẹ tẹ Command+Option+V. Enter lórí fáìlì náà ò ní ṣí i, orúkọ rẹ̀ ló máa fẹ́ yí padà. Command+O ló ń ṣí i.

Fún ẹni tó ń kọ Yorùbá, Mac ṣe dáadáa níbí. Ẹ fi ABC Extended kún kíbọ́ọ̀dù nínú System Settings. Option+X, kí ẹ tẹ e, ó di ẹ. Option+E, kí ẹ tẹ a, ó di á. Option àti `, kí ẹ tẹ a, ó di à.

Ọjọ́ kíkó ẹrù

Ẹ gba Windows Migration Assistant (ètò Apple tó ń kó fáìlì láti Windows lọ sí Mac) sílẹ̀ láti ojúlé Apple sórí Windows, ẹ pa gbogbo ètò tó kù, ẹ so àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjì mọ́ Wi-Fi kan náà, kí ẹ ṣí Migration Assistant lórí Mac, inú Utilities ló wà. Kóòdù kan náà máa hàn lórí méjèèjì. Tí wọn ò bá rí ara wọn, ètò tó ń ṣọ́ kòkòrò tàbí fáyáwọ́ọ̀lù ló sábà ń dí wọn. Ẹ pa á fún ìgbà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí Windows sùn lójú iṣẹ́, kí wáyà iná wà lára méjèèjì. Tí fáìlì bá pọ̀, ẹ fi wáyà Ethernet so wọ́n, Wi-Fi máa gba wákàtí púpọ̀.

Tó bá parí, tí ẹ ò rí fáìlì kankan, ẹ fọkàn balẹ̀. Abẹ́ orúkọ olùlò míì ló kó wọn sí. Ẹ jáde, ẹ wọlé pẹ̀lú orúkọ náà, ó máa ní kí ẹ ṣe pásíwọ́ọ̀dù fún un.

Kì í kó ètò, kìkì fáìlì, ìmeèlì, kọ́ńtáàtì àti kàlẹ́ńdà ni. Ìmeèlì tí ẹ ń gbà pẹ̀lú POP (ọ̀nà tó ń kó ìmeèlì wá sórí ẹ̀rọ kan) lè jẹ́ pé orí Windows nìkan ló kù sí; ẹ sọ ọ́ di IMAP (èyí tó ń fi í sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù inú Chrome tàbí Edge ń jáde ní fáìlì CSV tẹ́nikẹ́ni lè kà: ẹ gbé e wọ Mac, kí ẹ nu ún kúrò ní ẹ̀rọ méjèèjì lọ́jọ́ náà gan-an.

Time Machine (ètò inú Mac tó ń pa ẹ̀dà gbogbo fáìlì mọ́) ni kí ẹ ṣètò tẹ̀ lé e, sórí dísìkì ìta tó tóbi tó ìlọ́po méjì ibi ìpamọ́ Mac. iCloud (ibi ìpamọ́ Apple lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ò lè dípò rẹ̀: fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ níbi kan máa pa rẹ́ níbi gbogbo, 5GB péré ló sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ fi Windows sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, torí fáìlì tí ẹ gbàgbé máa ń jẹ yọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde nínú gbogbo ètò tó ní láìsẹ́ǹsì, ẹ wọ Settings, System (Update & Security lórí Windows 10), Recovery, Reset this PC, ẹ yan Remove everything, kí ẹ sì tan Clean data tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì lẹ máa gbé e fún.